Ta Ló Ń Wa Ọkọ̀ Yín Lóru? Ọ̀rọ̀ Lórí Táàgì, Tírákà àti Owó Àsansílẹ̀ Wọn

Ọ̀rọ̀ àsọyé yìí wáyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Peckham, ní gúúsù London. Bí olùbánisọ̀rọ̀ ṣe sọ ọ́ la kọ ọ́ sílẹ̀.

Alàgbà alága, mo kí yín o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má gbé e sílẹ̀ o, torí pé fóònù yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ jíjí. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹ nìyẹn: èmi ni mo máa ń bá àwọn èèyàn fi tírákà, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, sínú ọkọ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ìbéèrè kan. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní tírákà, kó na ọwọ́ sókè. Ó dáa. Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí owó àsansílẹ̀ tírákà yẹn máa parí, kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè; kí àwọn yòókù sọ tiwọn kalẹ̀.

(Ẹ̀rín.)

Ẹ rí i? Ohun tó gbé mi wá síbí lónìí nìyẹn. Àpótí kékeré tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ yín, òun nìkan kọ́ ni tírákà. Ẹni tó lajú sílẹ̀ lóru tó ń wo àpótí náà, òun gan-an ni ẹ ń sanwó fún. Ẹni tó kọ́ ògiri tó ga yí ilé ká, tó ṣe géètì onírin, tó gba ọdẹ, tí kò wá sanwó fún ọdẹ: géètì ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdẹ ti lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sùn lẹ́yìn géètì tí kò ní ọdẹ.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ọ̀dọ̀ olè fúnra rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń jí ọkọ̀ nísinsìnyí?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí a kì í ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ mọ́, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì lẹ máa ń tẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ọkọ̀ yẹn á ké lórí ìgbì rédíò, ní 125 kilohertz, ohùn tí kì í rìn ju mítà kan tàbí méjì lọ: "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?" Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpò yín á gbọ́, á dáhùn ní 433 megahertz: "Èmi rèé." Ilẹ̀kùn á ṣí. Ó rọrùn, ó dùn, pàápàá tí ẹrù bá kún ọwọ́.

Olè méjì ló máa ń wá. Ọ̀kan á dúró ti ọkọ̀. Èkejì á gbé ẹ̀rọ kan sún mọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé yín, torí ó mọ̀ pé ìdí ilẹ̀kùn yẹn lẹ máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ẹ̀rọ á gbé ohùn ọkọ̀ wọlé lọ bá kọ́kọ́rọ́, á gbé ohùn kọ́kọ́rọ́ jáde wá bá ọkọ̀. Ọkọ̀ á rò pé ẹ̀yin lẹ dé. Láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti lọ. Kò sí gíláàsì tó fọ́, kò sí áláàmù tó dún. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbéra, kì í kú nítorí pé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, torí ewu ńlá ni kí ẹ́ńjìnnì kú lójú márosẹ̀. Olè mọ èyí dáadáa.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé òun ní àpò tó ń dí ìgbì, àpò tí wọ́n fi okùn irin hun inú rẹ̀. Ó ṣeun, ẹ máa lò ó, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 2022, ní London níbí, ògbógi kan nínú ọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ọkọ̀, Ian Tabor, jí láàárọ̀, ó rí i pé wọ́n ti fa bọ́ńpà ọkọ̀ Toyota RAV4 rẹ̀ ya, wọ́n sì ti yọ wáyà iná iwájú. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ tó ń ba nǹkan jẹ́ ni. Kò pẹ́ sí i, ọkọ̀ náà pòórá. Ìgbà tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, Ken Tindell, wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, wọ́n rí i pé ìdí wáyà iná iwájú yẹn ni olè ti ń bá kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀, tó ń parọ́ fún un pé kọ́kọ́rọ́ ti wà nítòsí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é, inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè Bluetooth ni wọ́n fi pamọ́ sí. Tí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró, orin ni wọ́n á ní àwọn ń gbọ́! Tindell kọ gbogbo rẹ̀ síta ní 2023. Ẹ wò ó, nínú irú olè yẹn, kí ni àpò onírin fẹ́ ṣe? Kọ́kọ́rọ́ yín lè wà ní Ìbàdàn.

Ìjọba náà ti rí i. Ní oṣù kejì ọdún 2025 wọ́n gbé àbádòfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó ní kí ẹni tí wọ́n bá ká irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lè lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 5. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í sùn ní iwájú ilé yín.

Ó wá kan táàgì.

Ẹ wò ó, ọ̀kan rèé lọ́wọ́ mi. Kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó dúdú, ó fúyẹ́, kò ní bọ́tìnnì kankan lára. Tí ẹ bá fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, báyìí, bátìrì pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo èyí tí wọ́n kọ CR2032 sí lára, ẹ máa rí i rà ní Rye Lane níta yìí. Àwọn èèyàn rò pé táàgì yìí ló ń wá ọkọ̀ kiri. Rárá o. Kò tilẹ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: ó ń sọ fún àpótí tó wà nínú ọkọ̀ pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí, ẹni wa ni.

Ọkọ̀ bá gbéra, àpótí á tẹ́tí: ṣé mo gbọ́ táàgì? Tó bá gbọ́ ọ, ó dákẹ́. Tí kò bá gbọ́ ọ, ó ránṣẹ́ sí yàrá àwọn aṣọ́, níbi tí àwọn èèyàn jókòó sí tọ̀sán-tòru, pé ọkọ̀ báyìí ti ń lọ, ẹni tó ń wà á kò ní táàgì. Àwọn yẹn á pè yín lórí fóònù. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nìyí: ẹ̀rọ olè lè jí ohùn kọ́kọ́rọ́ gbé, ó lè parọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹlẹ́rìí kejì wà.

Ẹ wá sọ fún mi: tí ẹlẹ́rìí kejì yìí bá wà lórí okùn kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ẹlẹ́rìí mélòó lẹ ní? Ohun tó máa ń bí mi nínú jù nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo máa fi tírákà sí ọkọ̀ tán, mo máa ṣàlàyé, mo máa bẹ̀bẹ̀. Tí mo bá fi máa yíjú, oníbàárà ti fi táàgì kọ́ ara kọ́kọ́rọ́, ó ní kó má bàa sọnù. Olè tó bá fọ́ fèrèsé wọlé, tó ká kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó ti ká táàgì náà. Àpótí á gbọ́ táàgì, á dákẹ́. Ẹ fi sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi sínú báàgì. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ ibi tí ẹ máa ń so owó mọ́.

Ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Bàbá kan wà ní Abbey Wood, oníbàárà mi ni, ó máa ń gbàgbé táàgì sílé. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń pè é pé, "Alàgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀ yín?" Ó ní àwọn ọmọ yìí ń yọ òun lẹ́nu. Ló bá jù ú sínú pigeonhole ọkọ̀, kí wọ́n lè jẹ́ kóun sinmi. Ó sì sinmi lóòótọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó pè é. Ìgbà tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ló rí òróró tó kán sílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ máa ń wà. Àwọn aṣọ́ wo àkọsílẹ̀ wọn: ọkọ̀ gbéra lóru, táàgì wà níbẹ̀, wọ́n rò pé bàbá ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì, tàbí fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, tàbí tí ọkọ̀ akẹ́rù bá fẹ́ gbé e lé ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ pe yàrá àwọn aṣọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi gbà á padà. Ẹni méjì bá ń wa ọkọ̀ kan, kí kálukú ní táàgì tirẹ̀. Bátìrì bá sì fẹ́ tán, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ má kà á bí àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn tó ń polówó pisá.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí mo ní mo máa sọ rèé. Ta ló máa ń gbé ìpè nọ́ńbà tí kò mọ̀ nínú ilé yìí? Kò sí! A ti gbọ́n jù. Nọ́ọ̀sì kan ní Thamesmead, ó ti iṣẹ́ òru dé, ó sùn. Ọkọ̀ gbéra níwájú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n pè é, pè é, pè é. Ó ṣí ojú kan, ó rí nọ́ńbà àjèjì, ó ní, "Ẹ̀yin oníjìbìtì, ọmọ olóòótọ́ ni mí." Ó dojú fóònù dé ilẹ̀. Àwọn aṣọ́ ń wo ọkọ̀ tó ń lọ lójú máàpù, wọn kò sì lè fa ọ̀rọ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, torí wọn kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ló gbé e. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àwọn yẹn ń wò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ pé, "Olè ni." Lẹ́yìn náà lẹ óò pe ọlọ́pàá, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ óò fún àwọn aṣọ́ ní nọ́ńbà yẹn, iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó jáde nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ tọ́jú nọ́ńbà wọn sórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: ỌKỌ̀ MI O!

Ọkọ̀ ti lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Àwọn àgbà bi wá pé olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ẹ dákun, olè ìsinsìnyí ti rí ibi tí yóò ti fọn ọ́n. Inú kọ̀ǹténà ni.

Wọn kì í sábà gbé ọkọ̀ lọ tààrà. Wọ́n á gbé e sí àdúgbò tó parọ́rọ́, láàárín ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n á fi sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa yọjú. Tí ọlọ́pàá bá wá gbé e, wọ́n ti mọ̀ pé tírákà wà níbẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó wá, wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ sí wẹ́wẹ́, tàbí ó di èbúté.

Tírákà tó wọ́pọ̀ ń gba ibi tó wà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS. Ti ìjọba Amẹ́ríkà ni, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó sátẹ́láìtì lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà ó máa fi síìmù inú rẹ̀ ránṣẹ́, bí fóònù ṣe ń ránṣẹ́. Àìsàn méjì ló ń ṣe irú èyí. GPS fẹ́ rí ojú ọ̀run: ẹ gbé ọkọ̀ wọ abẹ́ ilé tàbí inú kọ̀ǹténà onírin, ojú rẹ̀ fọ́. Èkejì ni ẹ̀rọ jámà, tí olè máa ń tàn láti fi bo ohùn síìmù mọ́lẹ̀. Òfin UK kà á léèwọ̀ láti lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jí ọkọ̀, òfin wo ló tún ń bà á lẹ́rù?

Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi ń lo ìgbì VHF, ìgbì àtijọ́ tí apá jámà kì í sábà ká. LoJack ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ní 1986. Ilé iṣẹ́ Tracker gbé e dé UK ní 1993. VHF kì í sọ òpópónà tí ọkọ̀ wà bíi GPS. Ohùn ló ń pariwo, ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ á máa tẹ̀lé ohùn náà títí yóò fi dé ìdí rẹ̀, kódà nínú gáréèjì, kódà nínú kọ̀ǹténà. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Ian Ayres àti Steven Levitt, gbé ìwádìí kan jáde lórí LoJack ní 1998, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní níbi tí LoJack bá ti pọ̀, ọkọ̀ jíjí ń dín kù lára gbogbo ará ìlú, títí kan ẹni tí kò rà á. Kí ló fà á? Kò sí àmì lára ọkọ̀, olè ò mọ èwo ló ní in. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ra tírákà, aládùúgbò yín jẹ yín ní gbèsè oúnjẹ.

Kì í sì í ṣe pé wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì mọ́ olè lọ́wọ́ lójú eré bíi ti sinimá. Irú èyí tó ní táàgì, olè bá pa ọkọ̀, àwọn aṣọ́ lè fi àṣẹ ránṣẹ́ kó má tan mọ́. Ìgbà tó bá dúró ni o. Mo sọ èyí nítorí ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ nílé. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ rewáyà ló ń so tírákà mọ́ páǹpù epo, ẹni tó ni ọkọ̀ á kàn tẹ fóònù, epo á dá. Ẹ ro ó wò: ẹ wà ní London níbí, inú ń bí yín sí dírẹ́bà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kú lórí Third Mainland Bridge, tíréélà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Síìmù inú tírákà tó wà nílé náà, ẹ máa fi owó sí i, ẹ sì rí i pé NIN so mọ́ ọn. Síìmù tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ń pawó wọlé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti í pa, àpótí á wá di irin lásán.

Ó ku owó, owó náà ló le jù.

Adójútòfò níbí máa ń ní kí ẹni tó ní ọkọ̀ olówó ńlá ní tírákà. Kì í ṣe tírákà èyíkéyìí. Thatcham, ilé ìwádìí tí àwọn adójútòfò dá sílẹ̀ ní 1969, ló ń ṣe ìpele fún wọn. Láti 2019, S5 ni èyí tó ní táàgì, tó sì lè dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti tún tan. S7 kò ní táàgì. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ yín, S7 á mọ̀, ṣùgbọ́n tí olè bá ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò sí bó ṣe máa mọ̀ títí ẹ̀yin ó fi pariwo. Méjèèjì ní aṣọ́ tọ̀sán-tòru. Tí ìwé ìnṣọ́ránsì yín bá kọ S5, tí ẹ wá ra S7 nítorí pé ó dínwó, owó yẹn ti wọ omi. Ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n jí ọkọ̀. Mo ti rí ẹni tí káàdì báǹkì rẹ̀ parí, tí wọ́n fún un ní tuntun, tí kò rántí fún ilé iṣẹ́ tírákà ní nọ́ńbà rẹ̀. Owó kò wọlé, aṣọ́ ti tilẹ̀kùn. Ẹni yẹn ń jiyàn pẹ̀lú adójútòfò rẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tó ń tà á á ní, "Tírákà wà nínú rẹ̀." Òótọ́ ló sọ: àpótí wà. Ti ọkọ̀ ni àpótí. Ti ẹni tó sanwó ni àsansílẹ̀. Kódà èyí tí wọ́n ń pè ní ti ayérayé, ọ̀pọ̀ ìgbà, ayé ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló ń sọ. Ọkọ̀ bá ti dọwọ́ yín, ó ti parí. Tí kò bá tilẹ̀ tíì parí, nọ́ńbà ẹni àná ló wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n jí ọkọ̀ yín ní Woolwich, fóònù ẹnìkan ń dún ní Leeds. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìfisí tírákà, ẹ gba gbogbo táàgì, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n yí orúkọ padà. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ti sọ táàgì kan nù, ẹ ní kí wọ́n pa táàgì yẹn rẹ́ nínú ẹ̀rọ kíákíá.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé ṣé AirTag kò tó? Láti 2021 ló ti wà, ó dínwó, kò ní àsansílẹ̀, ó sì dára fún báàgì pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n Apple ṣe é kó máa sọ fún ẹni tó bá ń gbé e kiri láìmọ̀ pé AirTag ń tẹ̀lé e. Olè á gbọ́ kí ẹ tó jí. Kò sì ní aṣọ́ kankan, ẹ̀yin ni aṣọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù, torí mo mọ ọkàn wa: ẹ rí àmì lórí máàpù, ẹ kó àwọn ọmọkùnrin jọ, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ọ̀daràn lóru. Ẹ má ṣe é o. Ọkọ̀ ni wọ́n jí. Ẹ pe 999 tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ẹ pe 101 tó bá ti kọjá, ẹ jókòó sílé.

Mo rí ọwọ́ mẹ́ta tó ti nà sókè. Alága ní ká kọ́kọ́ jẹun. Mo mú bátìrì CR2032 wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́bàá ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹni tí táàgì rẹ̀ bá wà lọ́wọ́, kó gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀ níta, kó lọ mú un wọlé nísinsìnyí. Mo ń dúró dè yín.